Giramafóònù bàbá mi kò bá ọkọ̀ ìdọ̀tí lọ

Ìyàwó mi gbé giramafóònù tí bàbá mi rà lọ́dún tí kòkó ṣe dáadáa sẹ́nu géètì ilé wa ní Johannesburg níbí láàárọ̀ yìí, pé kí ọkọ̀ ìdọ̀tí kó o lọ.

Mo gbé e wọlé padà.

Rọ́bà tó ń yí àwo ti já. Mo gé òmíràn lára túùbù kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Nígbà tí mo fi àwo jùjú kan sí i, olórin ń fa ohùn bí aláìsàn.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dèjì, ẹ gbé olórin yín lọ sílé ìwòsàn."

Mo tún fi bíléèdì gé rọ́bà náà tẹ́ẹ́rẹ́.

Orin já gaara.

Ọkọ̀ ìdọ̀tí kọjá. Ìyàwó mi pè láti kíṣìnì: "Ẹ yí i sí ojú kejì."

Ẹ̀yin ará Joburg, ta ló tún ní àwo jùjú nílé?