Ọjọ́ Tí Wọ́n Kó Wa Lọ Jókòó Létí Ọ̀sà

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ẹnì kan ń yan gúgúrú lábẹ́ wíńdò mi ní Sùúrùlérè níbí, òórùn rẹ̀ sì wọlé wá bá mi lórí àga. Kì í ṣe gúgúrú ẹ̀rọ tí wọ́n ń dà sínú ọ̀rá aláràbarà o. Ti inú ìkòkò ni, èyí tó máa ń jó díẹ̀, tí wọ́n máa ń po ẹ̀pà mọ́. Ó yẹ kí n dìde lọ ra díẹ̀. Mi ò dìde, mo kàn jókòó síbẹ̀ títí òórùn náà fi lọ.

Ẹ̀yin òbí ìsinsìnyí, tí họ́lídè gígùn bá ti dé, orí fóònù lẹ máa ń wá ibi tí ẹ ó kó àwọn ọmọ lọ, ibi tí wọn ò ti ní gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa ní Múṣín, kò sẹ́ni tó ń kó ọmọ jáde, ọmọ ló ń kó ara rẹ̀ jáde. A ó lọ dúró lẹ́bàá ojú irin, a ó máa juwọ́ sí àwọn èrò inú rélùwéè bí ẹni pé ẹbí wa ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá lé wa níbẹ̀, a ó gba pápá lọ. Ìgbà tí ebi bá pa wá la tó máa ń rántí pé a ní òbí.

Télọ̀ ni bàbá mi, ìyá mi sì ń ta abọ́ tánńganran ní ọjà Òjúwòyè. Mẹ́ta ni wọ́n bí wa: ẹ̀gbọ́n mi Ràsákì, èmi, àti Mónsúrá àbúrò mi. Ràsákì ni olórí ìgbòkègbodò wa. Ó gùn ní ẹsẹ̀, ó lè fi ẹnu fọn fèrè rélùwéè débi pé àwọn àgbà á yà kúrò lójú irin, wọ́n á wá máa lé e kiri. Ó sọ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa mú wa wọ rélùwéè náà, tí a ó sì gùn ún dé ibi tó ti ń yí padà.

Nínú họ́lídè kan ni ibà mú un. Ibà lásán la pè é. Wọ́n fún un ní àgbo, nígbà tí kò sàn, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ìdájí ni wọ́n gbé e padà wálé, ó sì ti kú. Àwa ò mọ̀. Nígbà tí a jí, a rí Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Costain, tó jókòó sí pálọ̀ láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá. Wọ́n ní Ràsákì ń sùn, ká má pariwo, a sì ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ bí ọmọ rere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá àṣà yìí láyé. Nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíì ni yóò bá wọn sin ín, bàbá àti ìyá ò gbọdọ̀ sí nítòsí. Ilé wa kéré, àwọn ọkùnrin sì ti ń pé jọ sẹ́yìnkùlé. Bàbá àgbà wo bàbá mi, ó ní, "Kó ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ yìí jáde. Ẹ ò gbọdọ̀ wọlé kí wọ́n tó pe ìrun alásàrí. A ó ti parí nígbà yẹn."

Gbogbo iṣẹ́ tí bàbá mi ní lọ́jọ́ náà nìyẹn: kí ó má jẹ́ kí ìyá mi padà sílé kí wọ́n tó sin ọmọ rẹ̀ tán.

Wọ́n wọ aṣọ iléyá fún wa. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì ló bá ìyá mi ró ìró, nítorí pé ìyá mi kàn di aṣọ náà mú lọ́wọ́, ó ń wò ó. A lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Múṣín. Mónsúrá ní ká dúró de Ràsákì, pé òun ló mọ ọ̀nà. Bàbá mi ní, "Ó ń sinmi," a sì wọkọ̀. Bí mo ṣe wọ rélùwéè fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Mo gbé orí mi síta, mo ń juwọ́ sí àwọn ọmọ tó dúró lẹ́bàá ojú irin.

Ní Ìddó la sọ̀kalẹ̀ sí. A rìn títí a fi rí koríko létí ọ̀sà, lọ́wọ́ Òtò, a jókòó. Bàbá mi ò kó ọmọ jáde rí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kàn ń dárúkọ ohun tó wà níwájú wa: "Omi nìyẹn. Afárá nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi nìyẹn," bí ẹni pé a ò lójú. Ó ra gúgúrú, a jẹ ẹ́ tán, ó tún ra òmíràn, ohun tí kò ṣe rí. Mo gbórí lé ìyá mi lẹ́sẹ̀, kò sì lé mi dìde. Inú mi dùn púpọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, títí dòní mi ò tíì jáde kó dùn mọ́ mi tó ọjọ́ yẹn.

Ìyá mi ń béèrè ṣáá pé, "Ṣé wọ́n ti pe ìrun?" Bàbá mi á ní kò tíì tó. Á fẹ́ dìde, bàbá mi á gbé ọwọ́ lé e léjìká, á tún jókòó.

Obìnrin kan tó ń ta ẹja ní Òtò kọjá. Oníbàárà ìyá mi ni, ọwọ́ ìyá mi ló ti ń ra abọ́. Ó yà sọ́dọ̀ wa.

"Ìyá Ràsákì! Ẹ̀yin náà jáde lónìí! Ẹ kú fàájì o." Ó wò wá yíká. "Ọkọ mi wá dà? Ràsákì ńkọ́?"

Bàbá mi kọjú sí omi.

"Ó wà nílé," ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi kí i o."

"Á gbọ́."

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìrun alásàrí ní mọ́ṣáláṣí kan ní Òtò. Bàbá mi dìde, ó gbọn koríko kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní a lè máa lọ wàyí. Èmi àti Mónsúrá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ ká ṣeré díẹ̀ sí i. Ìyá mi tó ti ń béèrè ìrun láti àárọ̀ kò dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì jókòó." Mo rò pé tiwa ló ń bá wa ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Bàbá mi jókòó padà.

Ilé ti kún nígbà tí a dé. Wọ́n ti gbá yàrá, ẹní Ràsákì ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n sọ fún àwa ọmọ pé Ràsákì rìnrìn àjò, ọmọ kan nínú ọgbà ilé wa ló sọ òótọ́ fún wa lọ́jọ́ kejì. Mi ò sunkún. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti fi orúkọ tèmi rọ́pò ti Ràsákì, òun ni wọ́n fi ń pe ìyá mi, kí tẹni tó lọ má baà máa gún un lọ́kàn. Wọ́n á pè é, wọ́n á tún un pè, kí ó tó mọ̀ pé òun ni. Nígbà míì, èmi ni mo máa ń bá a dáhùn.

Rélùwéè tuntun ti dé báyìí, afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀. Níbi tí a jókòó sí yẹn, koríko ò sí mọ́. Àwọn òbí kan ń dúró ti sàréè ọmọ wọn báyìí, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ ọmọ náà la fi ń pè é, ìyẹn ò yí padà.

Ọ̀dọ̀ mi níbí ni ìyá mi gbé nígbà tó darúgbó. Ìgbàgbé ti ń mú un, ó máa ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, obìnrin arúgbó kan tó ti kó kúrò ní Múṣín kí Ràsákì tó kú wá wa kiri, ó rí ilé wa. Kò mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ náà padà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe, "Ìyá Ràsákì!" Mo sáré jáde láti dá a lẹ́kun kí ó tó tún un pè.

Kò ní láti tún un pè. Ìyá mi ti la ojú, ó ti dá a lóhùn.