Bàtà Rọ́bà Méjìlá àti Ẹsẹ̀ Awóníyì

Awóníyì kú lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Páànù tó ti dípẹtà ló gún un lẹ́sẹ̀ nínú àbàtà Ọgbà Ìgbafẹ́ ní Òṣogbo. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnu rẹ̀ dì pa, omi lásán kò kọjá mọ́. Ọmọ Ìwàrà ni, ẹgbẹ́ mi ni, odò kan náà la jọ wẹ̀ ní kékeré. A ti sin ín. Ẹnì kankan kò wá láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọgbà tó fi ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ta ló kó páànù sínú àbàtà? Ìgbìmọ̀ yìí náà ni. Ní ọdún 1952, wọ́n ní àbàtà kò yẹ ìlú tó ti lajú. Wọ́n gé gbogbo ewé gbòdògì tí àwọn olóbì fi ń di obì, wọ́n fi páànù, àkúfọ́ ìgò àti yẹ̀pẹ̀ dí ibẹ̀, wọ́n gbin koríko òyìnbó lé e lórí. Ẹ rántí ohun tó tẹ̀lé e? Kànga Òkè Baálẹ̀ gbẹ. Àpìkẹ́, ìyàwó Awóníyì, tó ń ta obì, di ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ sí Ìwàrà nítorí ewé. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó wá bá àwọn dá àbàtà padà.

Ẹsẹ̀ ni Awóníyì fi ń mọ iṣẹ́ náà. Á fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí ẹrọ̀fọ̀ ti tutù, torí gbòdògì kì í dúró níbi tí omi kò bá ti sun nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò gbin gbòǹgbò tó hú láti oko bàbá rẹ̀ ní Ìwàrà. Lọ́jọ́ kan, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sétí omi. Kọ̀ǹkọ̀ ń ké. Ó ní, “Gbọ́ wọn. Àwọn onílé ti dé.” Omi lé sí i lójú, ó sì lé sí èmi náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ bàtà rọ́bà. Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà kẹta, mo sì tẹ̀lé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, akọ̀wé Ìgbìmọ̀, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣebí ẹsẹ̀ lo fi ń mọ ibi tó tutù? Kí lo fẹ́ fi bàtà ṣe?”

Awóníyì ní, “Ọ̀gá, tí mo bá ti rí ibẹ̀ tán, n ó wọ bàtà kí n tó gbẹ́ ẹ.”

Àbí ọ̀rọ̀ yẹn le jù fún akọ̀wé?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà, bàtà rọ́bà méjìlá dé, tuntun, ó ń dán. Àwọn àlejò wọ̀ ọ́ wọnú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n ya fọ́tò. Awóníyì wà láàárín wọn lẹ́sẹ̀ lásán, ó ń fi gbòdògì hàn wọ́n. Ọjọ́ náà kò tíì rọ̀ tí wọ́n ti fọ bàtà, tí wọ́n tì í mọ́ inú sítóò. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni páànù gún un. Ẹni bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó bà.

Mo dé ọgbà náà lánàá. Mùyídéènì, tí wọ́n fi rọ́pò Awóníyì, wà nínú omi dé orúnkún. Mo bi í pé bàtà rẹ̀ dà.

Ó ní, “Ó wà ní sítóò, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ti àlejò ni.”

Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, mo bi yín ní gbangba, ẹ sì dá mi lóhùn nínú ìwé ìròyìn yìí kan náà. Ta ló pàṣẹ kí wọ́n fi páànù dí àbàtà? Ta ló gba lẹ́tà mẹ́ta tí kò dáhùn ọ̀kan? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ sítóò wà? Àpìkẹ́ kò tọrọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí sítóò náà lọ́la, kí Mùyídéènì tó wọ omi.