Àdúrà Kì í Ṣe Oúnjẹ

Irọ́ ni mo pa fún nọ́ọ̀sì yẹn, ṣùgbọ́n mo búra, n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹ nǹkan kan láàárọ̀ yìí?" Mo ní, "Rárá o." Ó gún mi níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ ṣúgà, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó tún wo ẹ̀rọ.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Àdúrà ni."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fìlà ni mò ń rán ní Bẹẹrẹ, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí èmi àti ìtọ̀ ṣúgà ti jọ ń gbé. Ṣáájú ọjọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ni dókítà rí kókó kan lára kíndìnrín mi òsì. Ó ní àfi kí wọ́n ya àwòrán CT kí àwọn tó mọ̀ bóyá kókó lásán ni tàbí jẹjẹrẹ. Wọ́n á fa oògùn kan sí mi lójú iṣan tí yóò jẹ́ kí inú mi hàn kedere nínú àwòrán. Oògùn yẹn lè ni kíndìnrín lára, pàápàá ti onítọ̀ ṣúgà, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n sì kọ òfin lé mi lọ́wọ́. N kò gbọdọ̀ jẹun fún wákàtí mẹ́rin ṣáájú, ṣùgbọ́n kí n máa mu omi dáadáa. Hóró oògùn ṣúgà tí mò ń lò, n kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láti àárọ̀ ọjọ́ náà lọ, àfi bí wọ́n bá tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò lọ́jọ́ kẹta. Mo mọ ìwé náà sórí bí ọmọ ilé kéú. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti ń bà mí, àwàdà ló máa ń ti ẹnu mi jáde. Mo sọ fún gbogbo ilé pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò mi ni. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀ nípa kókó.

Ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, kò sẹ́ni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn láì kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Àbúrò bàbá mi ni, òun ló sì kù tó dàgbà jù nínú ilé. Abọ́ oyin rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Á bu ṣíbí kan sí ọ lẹ́nu: "Bí oyin ti ń dùn, bẹ́ẹ̀ layé ẹ ó máa dùn." Ṣíbí kejì wà fún àlàáfíà, ìkẹta fún àlọ àti àbọ̀, ìkẹrin fún àwọn tí ń wo ẹni láìdáa. Lẹ́yìn náà ni àádùn, kí ọ̀rọ̀ náà lè jókòó nínú. Èmi tí mi ò fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mọ́ láti ọdún mọ́kànlá, n kò kọ ṣíbí kan rí. Ta ní í kọ àdúrà? Lójú tèmi, àdúrà kì í ṣe oúnjẹ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, èmi àti ìyàwó mi pète bí olè. Bí a ti kírun àsùbáà tán, mo bọ́ bàtà sọ́wọ́, òun gbé báàgì tí omi àti mọ́ínmọ́ín tí n ó jẹ lẹ́yìn àwòrán wà nínú rẹ̀, a gba ẹ̀yìnkùlé. Mò ń yọ́ rìn. Ni mo bá gbọ́ kín-ín-kín lẹ́yìn mi.

"Kí lò ń rín?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín, bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta!"

Ẹ̀rín gbé èmi náà. A di ẹnu ara wa mú, a sì ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, abọ́ wà lórí itan rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti bàtà lọ́wọ́.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ta lò ń sá fún?" Ó ti bu oyin. "Ya ẹnu."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo mi orí. Ó ní, "Ṣé àdúrà mi lo wá ń kọ̀?" Ojú rẹ̀ sì yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè fi ṣe àwàdà.

Mo ní, "Ìyá, wọ́n rí kókó lára kíndìnrín mi. Wọ́n ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Oyin yín ló jẹ́ kí wọ́n dá mi padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá tún lá a, wọ́n á tún dá mi padà ni. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá."

Ó wo ṣíbí oyin náà, ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó gbé ṣíbí náà sẹ́nu ara rẹ̀.

"Èmi ó lá a fún ọ," ó ní.

Ó sì lá a. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó bọ́ sórí àádùn, ó ń fi ẹnu tó kún ṣàdúrà, débi pé a kò mọ ibi tó yẹ ká ti ṣe àmín. A kàn ń ṣe é lọ. Ìgbà tí a fi dé Bẹẹrẹ, ẹ̀rín ti tún gbé wa.

Nínú yàrá àwòrán, wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní, "Bàbá, ara yín á gbóná, á dà bíi pé ẹ tọ̀ sára. Ẹ má dá a lóhùn." Oògùn náà wọlé. Ooru gba ọ̀fun, ó gba ikùn, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Ó dá mi lójú pé mo ti tọ̀ sára, n kò sì lè fọwọ́ yẹ ara mi wò. Wọ́n ní kí n má mí. Ẹ̀rín ń tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo há a mọ́yà. Bí wọ́n ti ní ó parí, ṣòkòtò ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. "Ó gbẹ o!" ni mo pariwo.

Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà ń mu omi. Ó mu ife kan, ó lọ tọ̀, ó padà, ó tún bu òmíràn. Mo mọ ìrìn yẹn. Kò sí onítọ̀ ṣúgà tí kò mọ̀ ọ́n. Mo mú ẹ̀rọ mi, mo gún un níka. Ohun tí mo rí níbẹ̀, tèmi kò tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìyá!"

"Mo mọ̀. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti sọ fún mi."

"Ẹ sì lá gbogbo ẹ̀!"

"Ta ni ì bá bá ọ lá a?"

Mo gba abọ́ náà, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹta, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: oògùn àwòrán kò ṣe kíndìnrín mi ní nǹkan kan, mo lè padà sí hóró mi. Kókó ńkọ́? Dókítà ní àpò omi lásán ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo gbá a mọ́ra. Mo gbá ìyàwó mi mọ́ra. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹni tó ń nu ilẹ̀ náà mọ́ra.

Ìyá Àgbà ní, "Oyin yẹn ni." N kò bá a jiyàn.

Ó wá kan òun. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí náà ló dì í níka mú. "Màmá, ṣé ẹ ti jẹ nǹkan kan láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o," ó ní, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi. Oyin tí n kò mọ ibi tó ti rí i ṣì ń dán létí ẹnu rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó wo ojú Ìyá, ó tún wo ẹ̀rọ. N kò jẹ́ kó béèrè.

"Àdúrà ni," mo ní. "Tèmi ni wọ́n bá mi lá."