Ẹ̀wù Ẹlẹ́ja Mẹ́ta

Owó tí ọmọ-ọmọ mi san láìpẹ́ yìí kí wọ́n tó tẹ àmì kan sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, ká ní bàbá mi rí i nígbà èwe mi, ilé ni ì bá fi kọ́. Nígbà náà, ṣílè díẹ̀ á ra aṣọ, á san owó aránṣọ, èèyàn á tún rí kọ́bọ̀ fi ra àkàrà.

Mo wá lo ìsinmi láti yunifásítì nígbà tí iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ránṣọ ní Bàrígà. Àwọn apẹja Ìlàjẹ etí ọ̀sà fẹ́ bá àwọn ará òdìkejì díje nínú ọkọ̀ wíwà. Olórí wọn ní kí ó rán ẹ̀wù funfun fún gbogbo wọn, kí ẹja wà láyà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ bá ṣí nínú omi, gbogbo etí ọ̀sà ni yóò rí i, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá fún un?

Ó lè fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹja náà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí ó wá rẹ aṣọ náà láró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Ó sì lè gé ẹja sára páànù, kí ó máa fi ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Méjèèjì yìí, aṣọ á dúdú bí aró, ẹja ni yóò funfun. Àbí kí ó gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Bajuláyé, kí wọ́n fi igi gbígbẹ́ tẹ ẹja dúdú sórí aṣọ funfun. Èyí ni èmi àti gbogbo ọ̀dọ́ ilé fọwọ́ sí. Ó yá, ó sì bá ìgbà mu.

Kò bá wa jiyàn. Ó ṣe ẹ̀wù kan ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún olórí apẹja. Ó ní, “Bàbá, ẹ má tíì sọ èyí tó wù yín. Ẹ máa wọ̀ wọ́n lọ da àwọ̀n.”

Nígbà tí bàbá náà padà wá, bọ́tìnì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí. Àwọn atẹ̀wé kò tẹ aṣọ rí, yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ni wọ́n lò, òógùn sì ti yọ́ ọ.

“Aránṣọ wa,” ó ní, “ẹja rẹ ti kúrò lára ẹ̀wù. Àyà mi ló ń gbé báyìí. Ìyàwó mi ń bèèrè bóyá kí òun dín in.”

Aró méjèèjì dúró digbí. Ti ìyẹ́ ló wu bàbá jù, ó ní ẹja ọ̀hún dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú àwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní ìyẹ́ kì í ya ẹja kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ti ẹnìkan bá sì sanra ju ti ẹlòmíràn lọ, ìjà dé inú ọkọ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ àwọn èèyàn òun. Ó wo ẹrẹ̀ tó ti ba ẹ̀wù funfun jẹ́, ó ní kí ó fi páànù ṣe é, kí ó rẹ gbogbo rẹ̀ láró.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: kì í gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ kí aṣọ tó sọ tiẹ̀.

Ipò kejì ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ eré náà, tòun ti ẹja funfun láyà wọn. Àwọn tó gba ipò kìíní ló wá bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn náà pé kí ó rán tiwọn.

Olórí apẹja ti kú, ìyàwó rẹ̀ náà ti tẹ̀lé e. Nínú àwọn atẹ̀wé tí mo mọ̀, kò ku ẹnìkan. Nínú àwọn tó wa ọkọ̀, ẹnìkan ṣì wà tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ ní Akoka. Èmi wà. Ẹ̀gbọ́n mi náà wà. Ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí i, etí aṣọ mi ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá.