Fàúsát àti Aago Olójú Gíláàsì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní orí kunkun, ẹ wá wo Fàúsát nílé iṣẹ́ búrẹ́dì wa l'Ágége. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ń po ìyẹ̀fun láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Òun la yàn pé kó máa gbẹnu sọ fún wa níwájú ọ̀gá.

Máníjà tuntun, Déolú, dé, ó ní kí gbogbo wa máa so kọ̀ǹpútà kékeré mọ́ ọwọ́ bí aago. (Ọmọdé ni lójú mi, n ò lè pè é ní "wọ́n".) Bí iná ààrò bá le jù, aago á ké, ẹni tó so ó á dá a lóhùn. Bí kò bá dáhùn, aago á kọ àmì sí orúkọ rẹ̀. Àmì mẹ́ta, ó lọ sílé nìyẹn.

Oríṣi méjì ni Fàúsát dán wò. Àkọ́kọ́ lójú gíláàsì, ó ń dán, ìka ni wọ́n fi ń fa ojú rẹ̀ láti dá a lóhùn. Ètò tó ń darí rẹ̀ kò gbọ́ ju Òyìnbó lọ, kò sì ṣeé yí padà. Èkejì burẹ́wà, ó wúwo, àmọ́ ó ní bọ́tìnnì ńlá méjì, ètò tirẹ̀ sì ṣeé tún ṣe: èèyàn lè kọ Yorùbá sí i, kó yọ gbogbo pálapàla inú rẹ̀ kúrò. Èyí ni Fàúsát yàn. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́.

Déolú yan olójú gíláàsì, ó ní òun ló bá ayé mu. Ayé wo? Ìwà lẹwà, bó ṣe rí fún ẹ̀rọ náà nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyá Àrínọlá, àgbà wa, fi ní àmì méjì. Ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí gíláàsì dá ìka wọn mọ̀. Opó ni wọ́n, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń bọ́ wọn. Inú bí mi, àmọ́ ojo ni mí, mo ń po ìyẹ̀fun tèmi lọ.

Déolú wá mú ìwé jáde níwájú wa, pé kí Fàúsát buwọ́ lù ú pé a fẹ́ràn aago náà, kí ilé iṣẹ́ lè ra púpọ̀ sí i. Fàúsát fàáké kọ́rí. Déolú ní bí kò bá sáìnì, kó wá iṣẹ́ síbòmíràn.

"Ẹ so ó mọ́ ọwọ́ yín, sà," ni Fàúsát wí, "kẹ́ ẹ wá bá mi po ìyẹ̀fun. Tẹ́ ẹ bá dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré, màá sáìnì."

Gbogbo wa ń wò ó, kò lè sá. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun. Aago ké. Ó fa ojú rẹ̀ títí, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún fà á. Aago tún ké, ó tún ké. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àrínọlá ló bu omi fún un pé kó fi ṣan ọwọ́.

"Àmì yín ti pé mẹ́ta, sà," ni Fàúsát wí. "Ṣé kẹ́ ẹ máa lọ sílé ni, àbí ká dá aago yìí padà?"

Déolú bọ́ ọ, ó ní ká dá a padà. Ó rọra sọ pé òun á pa àmì Ìyá Àrínọlá rẹ́. Fàúsát ní rárá, àmì gbogbo wa ni yóò pa rẹ́, àti pé lónìí.