Ohun Tí Ẹ̀rọ Géètì Wa Ń Wò

Nígbà tí alága ẹ́síteètì wa ní Ajah gbé áàpù tuntun sí géètì, ó sọ fún wa nípàdé pé ọpọlọ rẹ̀ ju ti èèyàn lọ. Ó ní bí ẹ̀ṣọ́ bá ti ya fọ́tò àlejò báyìí, áàpù náà á wo ojú rẹ̀, á sì mọ̀ bóyá èèyàn gidi ni. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, bí ẹnìkan bá ti sọ pé ẹ̀rọ kan ní ọpọlọ, ojú á ti ẹni tó bá tún bèèrè ìbéèrè. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, àtẹ́wọ́ tèmi ló pẹ́ jù.

Kò pẹ́ tí áàpù ọlọ́pọlọ fi dá màmá tó ń tọ́jú ìyá mi padà. Ààrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá mi lápá ọ̀tún, kì í sì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi màmá yìí. Tí èmi bá bù ú fún un, á pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní májèlé. Ìjọ aláṣọ funfun ni màmá ń lọ ní Ṣàngótẹ̀dó, láti ìsìn àárọ̀ Ọjọ́rú ló sì máa ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà, nínú sùtánà rẹ̀. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, áàpù kọ “EWU” pupa. Ní Ọjọ́bọ̀, “Káàbọ̀”. Ọjọ́rú kejì, “EWU” tún dé. Òfin ẹ́síteètì sì ni pé ẹni tí áàpù bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ láé.

Màmá pè mí lórí fóònù. “Ó jọ pé áńgẹ́lì tó ń tẹ̀lé mi ni ẹ̀rọ yín ń rí, ẹ̀rù sì ń bà á.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò ná, ká tó kan áńgẹ́lì.”

Ètò kan wà lórí ayélujára tí àwọn tó kọ ọ́ fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè tú inú rẹ̀ wò. Iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe. Á dúró sáàárín fóònù àti ibi tí fóònù ń ránṣẹ́ sí, á gba lẹ́tà, á tú u, á kà á sí ọ létí, á tún un dì, á sì fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ Ọjọ́rú kẹta, kí màmá tó dé, mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí géètì, mo bẹ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ pé kí fóònù iṣẹ́ rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ alárinà mi kọjá.

“Àǹtí, tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé yín ni mò ń kó ẹrù bọ̀ o.”

“Ẹ máa kó o bọ̀. Ẹ ó máa bá mi fọ abọ́.”

Fóònù kọ́kọ́ yarí, ó ní òun kò mọ alárinà yìí rí. Ìgbà tí mo fi ìwé ẹ̀rí alárinà sínú rẹ̀ ló tó gbà. Èmi fúnra mi ni mo ṣe àlejò. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ya fọ́tò mi, ó dáhùn àwọn ìbéèrè kéékèèké tó wà nísàlẹ̀: ọkọ̀ ńkọ́, báàgì ńkọ́, bàtà ńkọ́. “Káàbọ̀.” Mo wo lẹ́tà tó jáde. Kò sí fọ́tò kankan nínú rẹ̀! Fọ́tò ojú mi kò kúrò ní géètì rárá; ìdáhùn ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ sí àwọn ìbéèrè yẹn nìkan ló lọ.

“Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe ti màmá,” ni mo wí.

“Ti màmá? Wọn kì í wọ bàtà tí wọ́n bá wà nínú sùtánà.” Ó fọwọ́ kan “Bàtà: kò sí.”

EWU. Nínú èsì tí kì í hàn lójú fóònù, mo ka ìdí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: “Kò wọ bàtà. Ó ṣeé ṣe kí orí rẹ̀ má pé.” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo ní ká tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dá lẹ́tà dúró lọ́nà, mo sọ “kò sí” di “wà”, mo tú u sílẹ̀. “Káàbọ̀!” Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bàtà! Bàtà ni gbogbo ọpọlọ náà!

Alága ń bọ̀ láti ibi tó ti ń sáré àárọ̀. “Ta ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi? Òyìnbó ló ṣe é o!”

“Alága wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ bàtà yín díẹ̀.”

Ó bọ́ ọ, kó lè fi hàn mí pé òpè ni mí. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tó yẹ. EWU. Mo yí kọ̀ǹpútà sí i kó ka ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ má bínú, sà,” ni ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ wí, “òfin ni òfin. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.”

Bí alága ṣe ń nawọ́ sí bàtà rẹ̀ ni màmá yọ, nínú aṣọ funfun báláú, lẹ́sẹ̀ lásán. Ó wo ẹsẹ̀ alága lórí ilẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò ṣeé sọ.

“Hàlelúyà! Bàbá, ẹ̀yin náà ti di tiwa? Ìgbà wo lẹ wọ ìjọ?”

Alága wo mí, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́. “Ẹ gbé ìwé géètì àtijọ́ jáde,” ló wí fún ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ jẹ́jẹ́, “kí ẹ fi bírò kọ orúkọ màmá yìí. Kí wọ́n máa wọlé.”

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i, ó ní òun máa gbé abẹ́là kan wá fún un ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ó sì yáa kọrí sílé wa, nítorí ẹ̀kọ ìyá mi ti ń tutù.