Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wọ Omi

Fusae Mochizuki kò bínú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ya àwòrán ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó lu. Kò bínú nígbà tó ya ọjọ́ tí ìrẹsì jóná tí gbogbo ilé sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ìyẹn, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Àwòrán oṣù Kejìlá ló bí i nínú.

Tókíyò ni Mikiyo ọmọ rẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa ìgbà èwe ara rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọbìnrin, tó fi jẹ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń gbé ilé Fusae káàkiri Japan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ya gbogbo ilé nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìyá ló sì kọ́kọ́ wọ ọpọ́n ìwẹ̀.

Irọ́ gbuu. Omi gbígbóná kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wọ̀ tẹ̀ léra, lẹ́yìn tí kálukú bá ti fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀ nù níta ọpọ́n. Baálé ló ń ṣíwájú, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e, ìyàwó á kẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí Fusae ti wọlé ọkọ, kò ṣíwájú ẹnikẹ́ni wọ omi rí.

"Màmá Mikiyo, àṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣíwájú bàbá!" Ìyáàfin Okumura tó ń ta ẹja gbígbẹ ló sọ ọ́, níwájú àwọn oníbàárà. "Àwa rò pé ìyàwó rere la ní ládùúgbò!"

Wọ́n fi ṣẹ̀rín. Fusae ra ẹja rẹ̀, ó gbé e délé, kò sì lè jẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń yangàn láyé ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò ṣe ìyàwó bó ṣe yẹ.

Nígbà tí Mikiyo wálé fún ọdún tuntun, kò tíì bọ́ bàtà tán tí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

"Tún un ṣe."

"Ẹ kúulé o, Màmá."

"Mo ní kó o tún un ṣe. Kọ ọ́ síbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ pé irọ́ lo pa mọ́ mi."

"Ẹ̀bùn ni mo fi ṣe fún yín. Ojoojúmọ́ lẹ ń wọ omi tí gbogbo wa ti wọ̀ kù. Ó máa ń dùn mí."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́?"

Teizo, bàbá Mikiyo, jókòó sídìí tábìlì, ó ń bó ọsàn. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ lẹ́tà pípín, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nínú àwòrán, ìgbàkígbà tó bá ti balùwẹ̀ jáde, á pupa fòò bí ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n bọ̀, á jókòó, á dákẹ́. Ibẹ̀ làwọn ọmọdé tó ń kà á fẹ́ràn jù.

"Ó dáa," ni Mikiyo wí. "Ẹ ṣíwájú lónìí nìkan. Tẹ́ ẹ bá jáde tẹ́ ẹ ṣì ní kí n tún un ṣe, màá tún un ṣe. Bàbá ló máa kẹ́yìn."

Teizo ní òun gbọ́. Ó lọ ko igi síná abẹ́ ọpọ́n, bó ṣe máa ń ṣe.

Fusae fọ ara tán, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó figbe ta. Omi náà lè se ẹyin. Ó sáré ṣí ẹ̀rọ omi tútù.

"Má fomi tútù sí i!" Teizo ló ń pariwo lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Á ti tutù kó tó kàn ẹ́!"

"Ó ti kàn mí. Inú ẹ̀ ni mo wà."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Teizo tó rọra kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Fusae dúró sójú kan. Ọkọ òun tó máa ń fẹ́ tíì títí kó tó lè mu ún. Láti gbogbo ọdún yìí wá, omi tó ń kan òun lẹ́yìn gbogbo wọn kò tutù rí. Òun rò pé ọpọ́n yẹn ló dára. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó wá rántí ẹni tó máa kẹ́yìn lónìí. Ó pa ẹ̀rọ, ó rọra jókòó sínú omi, ó di eyín mọ́ra.

Nígbà tó jáde, ó pupa fòò. Ó jókòó, ó dákẹ́. Mikiyo wò ó, ó wo bàbá rẹ̀.

"Ṣé kí n tún un ṣe?"

"Tún un ṣe. Bàbá ẹ ló ń ṣíwájú." Fusae fi aṣọ ìnura nu ojú, kì í ṣe òógùn nìkan ló nù. "Kó o sì sọ ohun tó ń mú un pupa."

Mikiyo lọ wẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Teizo wọlé. Nígbà tí Fusae gbọ́ pé ó ti jókòó sínú ọpọ́n, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

"Bàbá Mikiyo, ṣé ó ti tutù?"

"Rárá," ni Teizo wí. "Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."